Ọwọ́ Ènìyàn Ni Gbéborùn Fi Ń Gòkè Odò

Òkun o, ẹ̀yin àgbà ilẹ̀ wa. Òkun o, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ fi ọjà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ní kí n wá sọ, ṣùgbọ́n koríko ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí níbi tí koríko bá ti gba ojú omi, ẹnu apẹja kì í gba ọ̀rọ̀ ẹja mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò kò ta kókó rárá. Dáàmù wa tó ń jẹ́ Omi, tó wà lẹ́bàá Ejiba, ní Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogí, orí odò Kampe ni wọ́n mọ ọ́n sí. Odò Kampe ń ṣàn lọ pàdé Odò Ọya. Gbéborùn, ìyẹn koríko tí àwọn olóyìnbó ń pè ní water hyacinth, ti wà lórí Odò Ọya nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ sí Lọ́kọ́jà nígbà òjò, ẹ ó rí i tó ń léfòó lọ ní agbo agbo níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣàn gòkè. Bí gbéborùn bá dé inú dáàmù wa lọ́jọ́ kan, kò lè jẹ́ odò ló gbé e gun òkè wá. Ènìyàn ni yóò gbé e. Ohun tí ènìyàn bá sì ń gbé wá, ènìyàn lè dẹ́kun gbígbé e. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé lónìí.

Mo mú ewé kan dání. Mi ò gbé ààyè rẹ̀ wá síbí o, mi ò sì ní gbé e wá láéláé. Etí omi ní Lọ́kọ́jà ni mo ti já a, mo sá a sóòrùn, mo tún yan án lórí iná kó tó wọ inú àpò mi. Ẹ gbà á, kó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ wo igi ewé náà, bó ṣe wú ní agbede méjì. Nígbà tó ṣì tutù, tẹ́ ẹ bá fi abẹ là á níbẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn lẹ máa bá. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé e léfòó. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó pọ́n àlùkò díẹ̀, ó kún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ tí omi rin. Kò kan ilẹ̀ odò rárá. Inú omi gan-an ló ti ń fa oúnjẹ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí omi bá jìn tó ogún mítà, tàbí kó jẹ́ mítà kan péré, bákan náà ni lójú rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó wà lókè pátápátá láàárín wọn sì ní àmì ìyeyè kan lójú. Ó lẹ́wà gan-an. Ẹwà yẹn ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi gbé e kúrò ní agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí Ọlọ́run dá a sí, tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú omi ọgbà kiri ayé. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà, ní ìhà Àgbádárìgì, lórí omi tó ti Orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Kí ọdún mẹ́wàá ìgbà náà tó parí, ó ti dé adágún Kainji.

Bó ṣe ń bímọ ló yẹ kó kó ìpayà bá wa. Okùn kékeré kan máa ń yọ lára ìyá, ọmọ á hù sí ìparí okùn náà. Bí okùn bá já, bóyá ìgbì ló já a tàbí àjẹ̀ apẹja, ọmọ ti di ìyá nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń so èso. Hóró rẹ̀ á rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ omi, ó sì lè wà láàyè níbẹ̀ fún ogún ọdún.

Níbi tí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, koríko yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣírò rẹ̀, ká má baà ṣàsọdùn. Ẹyọ kan ṣoṣo bọ́ sínú dáàmù lónìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ó ti di 1,024. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè wò ó kó ní ewé díẹ̀ ló wà létí omi lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 mìíràn, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Lóòótọ́, nínú omi gidi, nǹkan á máa dín in kù, ìjì á gbé òmíràn jù sórí ilẹ̀, màlúù á jẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí bí ọ̀nà náà ṣe lọ. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Oṣù márùn-ún yẹn náà sì ni ìgbà kan ṣoṣo tí ọwọ́ lásán ká a.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣẹ́ ẹja. Apẹja na àwọ̀n rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó so ohun tó ń léfòó mọ́ etí òkè, ó so òjé mọ́ ìsàlẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Lóru, afẹ́fẹ́ yí ojú padà. Gbéborùn kì í dúró sójú kan, ibi tí afẹ́fẹ́ bá darí sí ló ń lọ, agbo kan rẹ̀ sì lè fẹ̀ ju àgbàlá ilé lọ. Ilẹ̀ mọ́, apẹja padà dé, ó bá a pé agbo náà ti gun orí àwọ̀n, ó ti wọ́ ọ kúrò níbi tó na án sí, ó ti lọ́ ọ pọ̀. Hẹ́kítà kan gbéborùn tó ti dí dáadáa lè wọn 200 sí 400 tọ́ọ̀nù. Àwọ̀n wo ló fẹ́ dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró? Kí apẹja náà lè rí díẹ̀ mú relé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ̀bẹ, tí yóò gé àwọ̀n tó fi owó ọ̀pọ̀ oṣù rà. Ẹja tó wà nínú àwọ̀n yẹn ti jẹrà kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kò lè la inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì, gbòǹgbò á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, yóò máa dúró yọ ọ́, epo á máa jó. Ní Kisumu, létí adágún Victoria ní orílẹ̀-èdè Kenya, èbúté dí pátápátá ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ọkọ̀ tó wà lójú omi kò lè gúnlẹ̀, èyí tó gúnlẹ̀ kò lè jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi burú ju ti òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kì í rí i. Ẹja ń mí bíi tiwa, ṣùgbọ́n inú omi ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà wọ inú omi. Atẹ́gùn tó ń lu ojú omi ń pò ó mọ́ ọn, àwọn ewédò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí náà sì ń tú u jáde nígbà tí oòrùn bá ràn sí wọn lára. Gbéborùn dí ọ̀nà méjèèjì. Ó bo ojú omi kí atẹ́gùn má kàn án, ó ṣíji bo ìsàlẹ̀ kí oòrùn má dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, òkè ló ń tú u sí, kò wọ inú omi. Lẹ́yìn náà, ewé rẹ̀ tó bá kú á máa rọ̀ sílẹ̀, á máa jẹrà, ìjẹrà yẹn á sì tún mu díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Bẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ agbo tó ti pẹ́ lójú kan, tẹ́ ẹ bu omi ibẹ̀ wò, á dúdú, á sì máa rùn.

Epìyà kò lè gbé irú ibẹ̀. Ó nílò etí omi tí kò jìn, tí oòrùn ń dé, láti gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, etí omi yẹn gan-an sì ni afẹ́fẹ́ ń gbá gbéborùn jọ sí. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ní ohun èlò kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja mọ èyí ju èmi lọ. Ẹ gbé epìyà àti àrọ̀ sínú agbada kan náà láìsí omi, epìyà á ti kú tipẹ́, àrọ̀ á ṣì máa jà. Nítorí náà, ní adágún tí koríko bò, apẹja kan lè fi ẹja hàn yín kó ní “ẹja ṣì wà,” òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè irú ẹja wo ni. Àwọn tó lè fara da omi tí kò ní afẹ́fẹ́ ló ṣẹ́kù. Àwọn yòókù ti sá lọ sí àárín omi níbi tí àwọ̀n kékeré kì í dé, tàbí kí wọ́n ti kú.

Èmi ò fẹ́ ká tìtorí èyí bínú sí gbogbo ohun tó hù lójú omi. Àwọn baba wa mọ ojú oró àti òṣíbàtà. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, àdúrà wa ni. Abẹ́ irú ewé bẹ́ẹ̀ létí odò ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kí ẹja ńlá má baà gbé e mì. Ní Kainji, koríko kan tí àwọn Fúlàní fẹ́ràn fún màlúù wọn bo apá kan nínú adágún náà, àǹfààní rẹ̀ sì wà. Àwọn wọ̀nyí ti bá omi wa gbé láti ayébáyé, kòkòrò àti ẹja tó ń jẹ wọ́n wà níbí pẹ̀lú wọn. Gbéborùn fi gbogbo ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, ó dá nìkan wá. Èyí ni kò jẹ́ kí ohunkóhun mú un síbi tó bá dé.

Bí oúnjẹ bá sì pọ̀ jù nínú omi, ojú oró tiwa náà lè bo odò. Ìtàn adágún Kariba, tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe, kọ́ wa ní èyí. Ní ọdún 1958 ni wọ́n sé odò Zambezi, igbó rẹpẹtẹ sì wọ inú omi. Igbó náà jẹrà, ó di oúnjẹ, koríko mìíràn tó ń jẹ́ Salvinia, tí òun náà ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, sì rí jẹ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1962, ó ti bo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún adágún yẹn, bẹ́ẹ̀ adágún tó tóbi bí ìpínlẹ̀ kan ni. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ inú omi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, koríko náà sì fà sẹ́yìn. Ohun tó wà nínú omi ni koríko ń jẹ. Ní tiwa lónìí, kì í ṣe igbó ló ń bọ́ ọ mọ́. Ajílẹ̀ òyìnbó tí òjò ń wọ́ kúrò nínú oko tó wà lókè odò ni, àti ìgbẹ́, àti ìdọ̀tí tí a ń dà sí ojú àgbàrá. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ sóko nígbà tí òjò ti ṣú, odò ló da á sí, owó rẹ̀ ló sì fi bọ́ koríko.

Adágún Victoria ni àpẹẹrẹ tó ń dùn mí jù lọ, nítorí pé wọ́n ṣẹ́gun níbẹ̀, ìṣẹ́gun náà kò sì dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1989 ni gbéborùn dé ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1998, ó ti bo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀, ìjì àti òjò ńlá ọdún yẹn náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́, koríko náà rì, àwọn ènìyàn yọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bo etí omi ní ìhà Kisumu. Hóró rẹ̀ wà nínú ẹrọ̀fọ̀, ìdọ̀tí àwọn ìlú ńlá sì ń ṣàn wọlé síbẹ̀síbẹ̀.

Kòkòrò tí mo mẹ́nu bà yẹn yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ó kéré, gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Oríṣi méjì ni wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán wọn wò títí tí wọ́n fi rí i pé wọn kò lè fi ohun ọ̀gbìn wa ṣe oúnjẹ. Lóru ni àgbà rẹ̀ máa ń jáde láti ha ojú ewé, yóò fi àpá kéékèèké funfun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gidi: ó ń lu igi ewé, ó ń jẹ ẹ́ wọnú lọ títí dé ìdí, omi á wọ ibi tí afẹ́fẹ́ wà, koríko náà á jẹrà, á rì. Kì í yára. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ènìyàn ń dúró kó tó rí èrè rẹ̀. Àwọn olùwádìí tó wà ní New Bussa tú wọn sí Kainji láàárín àwọn ọdún 1990.

Ní Orílẹ̀-èdè Benin, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní ọdún 1991, wọ́n sì wá ṣe ìṣirò tó yẹ kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ létí omi kà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní gúúsù Benin tó 200,000. Nígbà tí gbéborùn gbilẹ̀ jù lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ẹja ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin sì pàdánù lórí òwò oúnjẹ àti ẹja. Lẹ́yìn tí kòkòrò náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là àti ààbọ̀ ló padà sí ọwọ́ wọn lọ́dún. Gbogbo iye tí iṣẹ́ náà ná wọn kò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé 84 ló lọ, 30 ló padà. Níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa jù lọ náà, wọn kò rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé ká jẹ́ kó dé ná, oògùn rẹ̀ wà. Oògùn wà lóòótọ́. Ẹni tí kò tíì ṣàìsàn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn á ní ká fi ṣe òwò. Arábìnrin Achenyo Idachaba, ọmọ Ígálà, ará ìpínlẹ̀ wa, ń fi igi ewé rẹ̀ tó ti gbẹ hun apẹ̀rẹ̀ àti oríṣiríṣi ohun èlò ilé, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì ti kọ́ àwọn ará etí omi ní iṣẹ́ náà. Mo kan sáárá sí i. Ẹni tí gbéborùn bá ti dé ilé rẹ̀, kó kọ́ iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí apẹ̀rẹ̀ tí a lè hun tó lè yára bí ohun tó ń di ìlọ́po méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbìn ín sí dáàmù Omi kí òun lè rí i hun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un.

Báwo ló ṣe lè dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọ̀n ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Apẹja ń rìn káàkiri, iṣẹ́ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pẹja ní Lọ́kọ́jà lóṣù tó kọjá lè wá na àwọ̀n kan náà sí Ejiba lóṣù yìí. Ọmọ gbéborùn tó gùn bí ìka ọwọ́ lè wà nínú kókó àwọ̀n tútù tí wọ́n ká sínú àpò, kó má sì kú lójú ọ̀nà. Àwọ̀n tó bá gbẹ dáadáa lóòrùn kí wọ́n tó gbé e rìn kò lè gbé e wá. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé wá náà yẹ ní yíyẹ̀ wò, pàápàá omi tó kù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ, nítorí inú àgbàlá ló wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ló ń sin ẹja báyìí, ìyẹn sì dára. Ọmọ ẹja ni wọ́n ń rà láti ìlú mìíràn, inú jálá tàbí dírọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ń gbé e wá. Àwọn kan á fi ewé olómi díẹ̀ sí i lórí kí oòrùn má pa á. Àwọn mìíràn gbọ́ pé gbéborùn ń fọ omi mọ́, wọ́n ń wá a kiri láti fi sínú kòtò ẹja wọn. Òótọ́ ni pé ó ń fa ìdọ̀tí inú omi. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá máa kó o jáde lóòrèkóòrè, yóò jẹrà sínú omi náà, gbogbo ohun tó fà yóò sì padà síbẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, tí kòtò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ojú àgbàrá ló ń lọ, láti àgbàrá sí odò, láti odò sí dáàmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja, bó bá wà nínú kòtò yín, ẹ kó o jáde lónìí, kí òjò tó dé. Ẹ̀yin onílé ìtura tẹ́ ẹ fi òdòdó rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí iwájú ilé, ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń sọ.

Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì tó ń lo omi dáàmù yìí kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ apẹja nìkan ni. Koríko tó bá dí kòtò tí omi ń gbà lọ sóko kò ní jẹ́ kí omi dé oko ẹni tó wà ní ìparí. Ní ìhà Hadejia àti Nguru, ní àríwá, lẹ́yìn tí wọ́n mọ dáàmù, tí omi kò gbẹ mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní Typha gba ilẹ̀ oko, ó gba ojú omi, ó dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti hù tẹ́lẹ̀. Omi tí kì í gbẹ mọ́ ló fún un láyè. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ọkà sì rí inú rẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ní gùn lẹ́nu mi. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri fẹ́ràn gbòǹgbò irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ń yé sí omi tó dúró láàárín rẹ̀, ejò ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, ẹ ti gbọ́.

Ta ni ká wá lọ bá? Iléeṣẹ́ tó ni dáàmù náà ni àjọ agbada Odò Ọya ti ìsàlẹ̀ (Lower Niger River Basin Development Authority), tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà ojú omi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, Lọ́kọ́jà níbí ni olú iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà, kíkó irú koríko yìí kúrò lójú omi sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé sí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa wà lójú omi ní aago márùn-ún ìdájí. Apẹja ló wà níbẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ rí i, bí ẹnìkan bá ti sọ fún un ohun tó yẹ kó máa wò. Kì í sì í ṣe gbogbo apẹja ló ń gbọ́ Yorùbá. Tápà àti Kàkàǹdá ti ń pẹja lórí Ọya kí wọ́n tó bí àwọn baba wa, iṣẹ́ yìí sì ń gbé wọn dé ibi gbogbo tí omi bá wà. Mo bẹ̀ yín, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìpàdé lórí adágún, ẹ pe olórí apẹja wá jókòó, ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ó ń dùn mí pé ọjọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ gba owó nìkan la máa ń rántí wọn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde, wọ́n ní ṣé oògùn apakoríko tí àwọn ń fín sí oko iṣu kò lè pa á. Mo dáhùn pé, bàbá, ó lè pa á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, á rì lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ tó kù nínú omi á sì tán. Ẹja tí a ń torí rẹ̀ jà ni yóò kọ́kọ́ kú. Omi yẹn kan náà ni àwọn kan ń pọn mu, òun náà la ń darí sí oko ìrẹsì. Mi ò lè gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fín in.

Ìyá kan bi mí pé, bí òun bá rí ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́, kí ni kí òun ṣe? Ìbéèrè yẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ́jọ́ náà. Mo dáhùn pé, ẹ fà á tòun ti okùn àti gbogbo ọmọ rẹ̀, ẹ wo àyíká dáadáa bóyá ọmọ kan ti já lọ. Ẹ má jù ú sétí omi. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí àgbàrá lè dé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbòǹgbò kọjú sí oòrùn. Bó bá ti tanná, ẹ sun ún nígbà tó bá gbẹ, nítorí hóró. Ẹ sọ fún olórí apẹja ibi tẹ́ ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ sì padà lọ wo ojú ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn.